Olè Tí Kì Í Jalè Nígbà Tí Iná Bá Lọ

Iná lọ gẹ́rẹ́ tí Inspẹ́kítọ̀ Sọ̀fíyátù bu gàrí sẹ́nu. Fáànù tó wà lókè ilé ìkẹ́rùsí yí lẹ́ẹ̀kan, ó tún yí, ó sì dúró. Òṣùwọ̀n tuntun tó wà lẹ́nu ọ̀nà pa ojú rẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó bínú, torí pé iná lílọ kì í ṣe tuntun ní Ifangni. Clémentine, obìnrin tó ń ta gàrí níbẹ̀, kàn ti òṣùwọ̀n náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fa abọ́ ìwọ̀n àtijọ́ yọ lábẹ́ tábìlì, ó sì ń bá ọjà rẹ̀ lọ.

Sọ̀fíyátù ń wò ó. Ẹnu rẹ̀ ń jẹ gàrí, ojú rẹ̀ ń jẹ gbogbo ohun tó kù.

“Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń ṣe tí iná bá lọ?”

“Báyìí náà ni, madámù. Tí kúráàn bá ti lọ, Ìyàwó á sùn. Baálé ò ní í sùn ní tiẹ̀, ó ní bátìrì lábẹ́. Màá fi abọ́ wọn gàrí, màá sì lọ tẹ̀ ẹ́ sí Baálé fúnra mi.”

Ẹni tí kò bá mọ ilé náà lè rò pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀rọ ni àwọn méjèèjì. Baálé ni kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní yàrá inú, èyí tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan ní Kútọnu láyé Ìyá Fàtímọ̀, olóògbé tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Òun ló ń ṣírò ọjà tó wọlé àti èyí tó jáde: gàrí, epo pupa, àgbàdo. Ìyàwó ni òṣùwọ̀n oníná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń bá ti àkọ́kọ́ du ọjà. Ó ń wọn gàrí, ó ń gba owó láti orí fóònù lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń ti ẹ̀gbẹ́ Nàìjíríà wá, wáyà kan ló sì fi ń ròyìn fún Baálé. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ìgbà tí gàrí bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù.

Láti ìgbà tí Ìyàwó ti wọlé ni. Baálé á ní àpò gàrí báyìí ló wà nílẹ̀. Wọ́n á kà á, á dín. Kò sí àgádágodo tó fọ́, kò sí páànù tó ká. Ọwọ́ Samiratou, olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí náà, nìkan ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé, nítorí náà Samiratou ló wà ní àtìmọ́lé. Ọ̀gá Sọ̀fíyátù ní kọmisaríà, àgọ́ ọlọ́pàá, ti sọ pé tí kò bá sí ọ̀rọ̀ mìíràn títí àwọn èèyàn á fi kírun Alásárì tán, ọkọ̀ á gbé ọmọbìnrin náà lọ sí Àjàṣẹ́, níwájú agbẹjọ́rò ìjọba. Ẹni tó bá sì wọ Àjàṣẹ́ lórúkọ olè, bó bá tiẹ̀ jàre padà, orúkọ náà á ti ṣáájú rẹ̀ délé.

Ìdí nìyẹn tí Sọ̀fíyátù fi wà níbẹ̀ láàárọ̀ náà. Ọmọ Lagbé ni, ilé tí wọ́n ti ń yan gàrí ló ti jáde, kò sì lè wọ ilé gàrí kó má rà. Bó ti dé ló ti ra díẹ̀. Clémentine wọ̀n ọ́n, ó fi èènì sí i, ó dì í fún un, Sọ̀fíyátù sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ bù ú jẹ bó ṣe ń rìn kiri. Ọ̀fíntótó ni ìyá ìyá rẹ̀ ń pè é ní kékeré. Kì í jókòó tó bá ń ṣèwádìí. Ó ní ẹni tó bá jókòó nílé onílé ti di àlejò, àlejò kì í sì í bi onílé ní ìbéèrè tó le.

“Ìgbà wo lẹ máa ń ka gàrí náà?”

“Lẹ́yìn ọjà kọ̀ọ̀kan.”

“Ó sì ń dín ní gbogbo ìgbà?”

Clémentine ronú díẹ̀. Ó ní ó ń dín lóòótọ́, àfi lẹ́ẹ̀kan: ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àdúgbò jó, tí wọn ò rí iná lò títí ọjà fi tú. Nígbà yẹn, gàrí pé.

Sọ̀fíyátù dá ẹnu dúró. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ.”

“Mo ní nígbà tí kò síná, nǹkan kan ò sọnù.”

Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. Gbogbo olè tó ti mú rí, òkùnkùn ni wọ́n ń gbàdúrà fún. Èyí ń jókòó jẹ́ẹ́ tí iná bá lọ, ó ń dìde ṣiṣẹ́ tí iná bá dé. Irú olè wo nìyẹn? Ó wá bi Clémentine bóyá gàrí kankan ń jáde nílé náà láìjẹ́ pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Clémentine fi Ọlọ́run búra pé kò sí, bó ti wù kó kéré mọ. Ó bi àwọn aláàárù, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Kò sì sí òpùrọ́ nínú wọn, torí pé Sọ̀fíyátù mọ irọ́ bí ayangàrí ṣe ń mọ ẹ̀gẹ́ tí omi rẹ̀ ò tíì gbẹ.

*

Àlájì Yésúfù, alága ẹgbẹ́, wà lábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé ìkẹ́rùsí, ó ń sọ pé kí wọ́n to bẹ́ǹṣì. Ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ máa wáyé níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ó fi àga lọ Sọ̀fíyátù, ìyẹn kọ̀, ó dúró tì í.

“Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí,” ni Àlájì wí. “Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ìyàwó yìí wọlé, gàrí sọnù. Tí kì í bá ṣe Samiratou, a jẹ́ pé ẹ̀rọ náà ni. Lọ́sàn-án yìí la máa pinnu bóyá ká dá a padà sílé bàbá rẹ̀.”

Sọ̀fíyátù ní kó sọ bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà ṣe bẹ̀rẹ̀ fún òun. Àlájì mí kanlẹ̀, ó sì sọ ọ́. Kí Ìyàwó tó dé rárá ló ti pín ẹgbẹ́ náà sí méjì. Régis, ọkùnrin tó ń tọ́jú Baálé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, dìde nípàdé, ó ní kí wọ́n má dán an wò. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n bá so mọ́ ti ọlọ́jà mìíràn ti di ọmọ tí kò ní bàbá. Lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, ilé-iṣẹ́ Kútọnu á na ìka sí àwọn ti òṣùwọ̀n, àwọn ti òṣùwọ̀n á na ìka padà sí Kútọnu, àárín àwọn méjèèjì ni ọjà ẹgbẹ́ á sì gbé rà. Àwọn àgbà patẹ́wọ́ fún un.

Faridatou, obìnrin tó ń ta òṣùwọ̀n náà, dìde ní tiẹ̀. Ó ní ẹni tí kò ní ju ẹnì kan ṣoṣo lọ tó lè rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe oníbàárà mọ́, ìwọ̀fà ni. Tí Kútọnu bá fi owó lé owó àtúnṣe, wọ́n á san án. Tí Kútọnu bá ti ilẹ̀kùn, wọ́n á jókòó ti ẹ̀rọ tó ti ya odi. Lẹ́yìn náà ló bi wọ́n bóyá ẹnì kan wà ní Ifangni tó jẹ́ owó orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ló wà lápò rẹ̀. Ó ní sẹ́fà ni wọ́n ń ná láàárọ̀, náírà ni wọ́n ń ná lọ́sàn-án, ìyàwó tí wọ́n fẹ́ láti òdìkejì ibodè ò sì níye. Kí ló dé tí ẹ̀rọ á wá le ju àna lọ? Àwọn ọ̀dọ́ hó yè.

Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbà láti dán an wò títí ìkórè á fi kọjá. Régis fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní kó ṣe ẹnu ọ̀nà tí Ìyàwó á máa gbà bá Baálé sọ̀rọ̀, torí pé òun ló mọ inú Baálé.

“Kò bínú?”

“Ó bínú díẹ̀. Ó ní, ‘Mo ti sọ tèmi. Lọ́jọ́ tí ẹ bá so àwọn méjèèjì pọ̀, ẹ máa wá gàrí tì nínú ilé yìí.’ Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni Régis.”

Sọ̀fíyátù ní òótọ́ ni, ọlọ́gbọ́n ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlájì, ó sì lọ wá Faridatou.

*

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Faridatou, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn dáadáa. Sọ̀fíyátù bá a lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ṣé ẹ lè jókòó sí ibòmíràn kí ẹ yí ohun tí òṣùwọ̀n yín ń sọ padà?”

“Mo lè ṣe é,” ni Faridatou dáhùn láìfi ṣe nǹkan kan. “Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni mò ń jalè, mi ò ní jẹ́ kó hàn. Bí mo bá ṣe ń kó gàrí ni màá máa dín ìṣirò kù. Olè yìí ń kó ọjà, ó ń fi ìṣirò sílẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n rí i ni.”

Sọ̀fíyátù fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Faridatou náà sì ni ẹni tí gàrí tó ń sọnù máa ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ jù, kò sí èrè kankan fún un níbẹ̀. Ó fi han ọlọ́pàá náà lórí fóònù pé ohun tí Ìyàwó bá wọ̀n gan-an ló ń fi ránṣẹ́ sí Baálé, kò dín, kò lé. Ó ní kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lòun ti bi Régis bóyá ohun mìíràn wà tí Baálé ń fi gàrí ṣe, kóun lè kọ́ Ìyàwó náà. Régis ní kò sí, yíyọ lásán ni Baálé ń yọ ọ́.

Régis wà ní yàrá inú níbi tí Baálé ń kùn. Ó fi aṣọ funfun nu orí ẹ̀rọ náà bí wọ́n ṣe ń nu ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ó níwà, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, ó ní àánú Samiratou ń ṣe òun, ọmọ dáadáa ni. Lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ní ẹ̀gbọ́n kan, Àyìndé, tó ń fi alùpùpù gbérò gba ọ̀nà oko kọjá ibodè. Ṣé àwọn ọlọ́pàá ti wo ilé rẹ̀?

Wọn ò tíì wò ó. Sọ̀fíyátù lọ. Kò pẹ́ tó dé ibẹ̀ ló rí àpò gàrí kan tí wọ́n so mọ́ igi àjà, Àyìndé sì ń gbọ̀n níwájú rẹ̀ bíi pé òkú ni wọ́n rí lókè. Ẹlòmíràn ì bá ti kó ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ jáde. Sọ̀fíyátù tú àpò náà, ó bu díẹ̀ sẹ́nu. Gàrí pupa ni, epo wà nínú rẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ gàrí funfun nìkan ni ẹgbẹ́ ń tà. Àyìndé ní àbúrò ìyá àwọn ní Ko-Koumolou ló fún òun. Sọ̀fíyátù ní kó so àpò rẹ̀ padà, kó sì mu omi kí ara rẹ̀ balẹ̀.

Bó ṣe ń padà bọ̀ lọ́nà, ohun kan ń rìn án lára. Kò bi Régis pé ta ló jalè. Kí ló dé tí ọkùnrin náà fi orúkọ èèyàn ta á lọ́rẹ?

*

Oòrùn ti rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà tó dé kọmisaríà. Samiratou wà lórí ẹní nínú àtìmọ́lé, kò tíì jẹun láti àná. Sọ̀fíyátù ní kí wọ́n gbé omi àti abọ́ wá, ó fún un ní gàrí tó kù nínú ọ̀rá, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa jókòó lọ́jọ́ náà nìyẹn.

“Ṣé wọ́n á mú mi lọ ni?”

“Tí mi ò bá rí nǹkan kan, wọ́n á mú ẹ lọ.”

Samiratou mi orí. “Ẹ bá mi sọ fún ìyá mi kí wọ́n má wá sídìí ọkọ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí mi níbẹ̀.”

Àánú rẹ̀ ṣe Sọ̀fíyátù. Ọmọbìnrin náà da gàrí sínú omi, ó wo inú ọ̀rá, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, bóyá kí àgbà tó jókòó tì í má bàa banú jẹ́ jù.

“Tàntí Clémentine mà fẹ́ràn yín o. Èènì tí wọ́n fi sí i pọ̀.”

Sọ̀fíyátù rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà dúró sójú rẹ̀, kò lọ, kò bọ̀.

“Ṣé wọ́n wọ̀n ọ́n?”

“Kí ni?”

“Èènì.”

Samiratou wò ó bíi pé orí ọlọ́pàá náà ń dàrú. “Ta ló ń wọn èènì, madámù? Ohun tí wọ́n bá ti wọ̀n, ó ti di ọjà nìyẹn.”

Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Lagbé. Ojú ì bá ti ìyá Sọ̀fíyátù láti gbé èènì ka òṣùwọ̀n níwájú oníbàárà. Ìfẹ́ ni, ẹnì kan kì í sì í wọn ìfẹ́ lójú ẹni tó fẹ́ fún. Ìdí nìyẹn tí Clémentine àti àwọn aláàárù fi búra láìbẹ̀rù pé gàrí kankan kì í jáde láìjẹ́ pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Wọn ò purọ́. Lójú wọn, èènì kì í ṣe gàrí. Òun náà tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀fíntótó, láàárọ̀ ló ti ń fi eyín lọ ẹ̀rí náà tí kò mọ̀ pé ẹ̀rí ni.

“Ṣé gbogbo ẹni tó bá rà ni wọ́n ń fún?”

“Gbogbo wọn. Abọ́ kan lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Òfin Ìyá Fàtímọ̀ ni.”

“Epo ńkọ́? Àgbàdo ńkọ́?”

“Inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti dé ni epo wà. Wọ́n ti rán ẹnu àpò àgbàdo. Gàrí nìkan ni.”

Abọ́ kan lórí àpò kọ̀ọ̀kan, tí àwọn oníṣòwò Nàìjíríà bá ya wá lọ́jọ́ ọjà, ìyẹn á tó àpò mélòó kan kílẹ̀ tó ṣú. Gàrí tó sọnù nìyẹn. Ẹlòmíràn á ti fò sókè níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Sọ̀fíyátù ṣì jókòó, ó ń ronú. Láyé Ìyá Fàtímọ̀, wọ́n ń fi èènì sí i, ìṣirò ò sì dín. Lọ́jọ́ tí kò síná, wọ́n fi èènì sí i, ìṣirò ò dín. Nítorí náà Baálé mọ̀ nípa èènì. Tí ọwọ́ èèyàn bá tẹ gàrí sí i, ó ń yọ èènì kúrò fúnra rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Tó bá jẹ́ Ìyàwó ló bá a sọ̀rọ̀ lórí wáyà, kì í yọ ọ́. Nígbà tí ìṣirò bá sì ti ń pé, ta ni yóò bi í pé kí ló dé tó fi pé?

Ó ku ìbéèrè kan. Ta ló kọ́ Baálé ní èènì? Ẹni tó kọ́ ọ ló ṣe ẹnu ọ̀nà tí Ìyàwó ń gbà sọ̀rọ̀.

Gàrí nìkan. Sọ̀fíyátù dìde kánmọ́kánmọ́ débi pé omi dà sórí ẹní.

*

Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé tí ọkọ̀ bá ń lọ Àjàṣẹ́, kó gba iwájú ilé ìkẹ́rùsí kọjá. Ọ̀gá náà kùn, ó sì gbà. Nígbà tí ọkọ̀ dúró lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti kóra jọ, iná ti dé, ojú Ìyàwó sì ti là. Gbogbo èèyàn rí Samiratou láàárín ọlọ́pàá méjì. Àwọn kan wo ilẹ̀.

Sọ̀fíyátù kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí Àlájì, Faridatou, Clémentine àti ẹnikẹ́ni tí àyè bá gbà tẹ̀ lé òun wọ yàrá inú. Régis ti wà níbẹ̀.

“Mùsíé Régis, ẹ tẹ àpò gàrí kan sí Baálé fún wa, bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí kò bá síná.”

Régis ní kò dára kí wọ́n máa fi ìṣirò ẹgbẹ́ ṣeré. Àlájì ní kó tẹ̀ ẹ́. Clémentine ka nọ́ńbà tó wà lójú Baálé kó tó tẹ̀ ẹ́, ó tún kà á lẹ́yìn rẹ̀. Ó dín ní àpò kan, ó sì tún fi díẹ̀ lé e. Sọ̀fíyátù wá ní kí wọ́n gbé àpò kan náà sórí Ìyàwó. Wáyà gbé ọ̀rọ̀ lọ, Clémentine kà á. Àpò kan gééré ló dín.

Faridatou ló kọ́kọ́ yé. Ó ní, “Ó ń yọ nǹkan kan tí wọn ò sọ fún mi.”

Clémentine jókòó sórí àpò àgbàdo. “Èènì ni. Ìyá Fàtímọ̀ máa ń sọ pé ká má ṣahun, pé Baálé mọ àlejò ṣe. Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni.”

Régis gbé orí sókè. Ó ní ohun tóun ti sọ nìyẹn: ẹ̀rọ méjì tí kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà kì í gbọ́ra wọn yé, kí wọ́n dá Ìyàwó padà kí gbogbo rẹ̀ sì parí. Àwọn àgbà kan mirí sí i. Fún ìṣẹ́jú kan, ó dà bíi pé òun ló máa borí.

“Àlájì,” ni Sọ̀fíyátù wí, “ẹ ní àjẹ́ ké lánàá. Ta ló ké?”

Kò dúró de ìdáhùn. Ó kọjú sí Régis.

“Lọ́jọ́ ìpàdé, epo wà nílé yìí, àgbàdo wà. Ẹ ò ní ọjà máa sọnù, gàrí lẹ dárúkọ. Ta ló sọ fún yín pé gàrí nìkan ni?”

Régis yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Baálé ló kọjú sí, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé, Ìyá Fàtímọ̀ dúró lẹ́yìn òun, ó ní ẹ̀rọ tí kò bá mọ èènì kò ní í wọ ilé òun. Ọjọ́ pẹ́ kóun tó rí ọgbọ́n ta sí i. Òun nìkan ló mọ ibi tó wà. Nígbà tí wọ́n ní kóun ṣe ẹnu ọ̀nà fún ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn, òun dé ibẹ̀, òun rí i, òun sì fò ó. Òun rò pé tí gàrí bá ti sọnù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á lé Ìyàwó lọ, ohun gbogbo á sì padà bó ṣe wà.

“Mi ò mọ̀ pé wọ́n á mú èèyàn,” ló sọ.

“Ẹ mọ̀ nígbà tí wọ́n mú un,” ni Sọ̀fíyátù dá a lóhùn. “Ẹ sì ní kí n lọ wo ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀.”

Inú bí i, ó sì dùn ún pẹ̀lú. Kò tíì rí ẹ̀rọ tí ẹnì kan fi sùúrù kọ́ ní àlejò ṣíṣe rí. Ọkùnrin tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló tún fi í dẹ pàkúté fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ọkọ̀ kò lọ Àjàṣẹ́ mọ́. Régis ló gbé lọ sí kọmisaríà, àwọn ọlọ́pàá méjèèjì sì fi Samiratou sílẹ̀ níbi tó dúró sí, láìsọ pé kó má bínú.

Ìpàdé ò pẹ́. Bàbá kan láti Lagbé ní bí Régis tilẹ̀ ṣèkà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ò parọ́: ilé-iṣẹ́ méjèèjì ì bá na ìka síra wọn títí ọmọ náà á fi ṣẹ̀wọ̀n tán. Faridatou gbà. Ibi tí wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni pé Ìyàwó á dúró, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ilé-iṣẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wá jókòó lábẹ́ igi máńgòrò yìí, kí kálukú sọ gbogbo ohun tó wà níkùn ẹ̀rọ tirẹ̀ lójú ẹgbẹ́. Wọ́n bi Sọ̀fíyátù ní èrò tirẹ̀. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, kí wọ́n jọ̀ọ́ ránṣẹ́ pe òun, òun á fẹ́ gbọ́ ọ.

Nígbà tí èrò ń tú, Samiratou wá sídìí tábìlì. Ó ní òun fẹ́ ra gàrí lọ fún ìyá òun. Clémentine wọ̀n ọ́n, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yí sí àpò tó wà lẹ́bàá ògiri, ó bu èènì kún abọ́ débi pé ó ń dà sílẹ̀.

Samiratou fi ọwọ́ bo ẹnu ọ̀rá rẹ̀.

“Tàntí, ẹ kọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n.”

Clémentine dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa yà sí. Ó wo Sọ̀fíyátù, ó wo Àlájì. Ló bá gbé èènì náà ka Ìyàwó, gbogbo wọn sì dúró, wọ́n ń wo nọ́ńbà tó ń jáde lójú rẹ̀.